Bí Panápaná Bá Dáṣẹ́ Sílẹ̀, Kí Ni Kí Àwa Ará Ọjà Sọ?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àjọ̀dún ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù wa, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní kí a tẹ̀ jáde)

  

Akápò ti ka ìṣirò owó fún wa, ẹ sì ti pàtẹ́wọ́ fún un, nítorí náà a kò ní sọ̀rọ̀ owó ẹ̀yáwó mọ́ lónìí. Ọ̀rọ̀ iná ni wọ́n ní kí a wá sọ. Ṣebí ohun méjì ló ń lé oorun lójú oníṣòwò: olè àti iná. Olè tó bá wọ ìsọ̀ yóò kó èyí tó lè gbé, yóò fi ìyókù sílẹ̀. Iná kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iná tó bá ran ìsọ̀ aláṣọ lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti jẹ ti aláṣọ, ó ti jẹ ti oníbàtà, ó ti kọjá sọ́dọ̀ oníke. Gbèsè tí a fi rajà nìkan ni kì í bá a jó.

Nígbà tí a ń múra àjọ̀dún yìí ni àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa. Ẹnìkan ní bí panápaná bá dáṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù, ìkà ni wọ́n. Ẹlòmíràn ní rárá, ẹni tó ń fi ebi pa wọ́n ni ìkà. Ọ̀rọ̀ náà gbóná débi pé àwọn oníbàárà dúró, wọ́n ń wò wá. Alága wá ní kí a lọ wádìí ibi tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, kí a wá fi tó gbogbo ẹgbẹ́ létí, kí a má kàn máa fi ariwo bá ara wa jà.

Ìlú Ọba ni a mú. Ó ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, gbangba ló sì ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ tàbí àbúrò ọ̀pọ̀ nínú wa sì wà ní London nígbà náà, wọ́n fojú ara wọn rí i.

Ní ọdún 2002, panápaná tó ti kọ́ṣẹ́ yanjú ní Ìlú Ọba ń gba nǹkan bíi 21,500 pọ́n-ùn lọ́dún. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ sọ ọ́ di náírà o, torí ọ̀rọ̀ náà á kàn dàrú ni. Ẹni tó ń gbà á ń fi san owó ilé níbẹ̀, ó ń fi san owó iná, ó ń fi wọkọ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n ń pè ní Fire Brigades Union, ní owó náà kò tó mọ́. Wọ́n ní 30,000 pọ́n-ùn ni àwọn ń fẹ́. Ẹ̀kúnwó náà ń lọ sí ìdá 40 nínú 100. Àwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́ fi ìdá 4 lọ̀ wọ́n. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ọlọ́jà ní 40, oníbàárà ní 4. Bí irú ìnájà bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ níwájú ìsọ̀ wa, a ó ti mọ̀ pé kò sí ẹni tó tíì múra àti gbà nínú àwọn méjèèjì.

Wọ́n dìbò láàárín ara wọn ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Nínú àwọn tó dìbò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹni 9 nínú 10 tó ní kí wọ́n dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní aago 6 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá 2002, wọ́n jáde fún ọjọ́ 2. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù kan náà, wọ́n tún jáde, tọ̀tẹ̀ yìí sì jẹ́ ọjọ́ 8 gbáko.

Ta ló wá ń paná? Ṣójà ni. Ìjọba kó nǹkan bíi 19,000 ọmọ ogun jáde, wọ́n sì wa àwọn ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n ń pè ní Green Goddess jáde láti ibi tí wọ́n kó wọn pamọ́ sí. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 1953 sí 1956 ni o. Wọn kò lè sáré, wọn kò sì ní irinṣẹ́ òde òní tí panápaná fi ń gé ọkọ̀ tó fún ènìyàn mọ́nú lójú títì. Àwọn ọmọ ogun náà gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n kọ́ ní ìbọn ní ọdún mélòó kan, tí wọ́n wá kọ́ ní iná pípa ní ìwọ̀nba ọjọ́, ẹ̀yin náà mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Kí ni aráàlú wá sọ? Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ti panápaná ni ọ̀pọ̀ ń ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ náà kóra jọ síwájú ibùdó wọn, wọ́n dáná sínú páànù nítorí òtútù (ẹ ò rí nǹkan, apaná ló wá ń dáná), awakọ̀ tó bá sì ń kọjá á fọn fèrè ọkọ̀ fún wọn kí wọ́n lè mọ̀ pé òun wà lẹ́yìn wọn. Ó nídìí. Ọdún kan àti oṣù 2 ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2001, ni ilé gogoro méjì wó lulẹ̀ ní New York, tí panápaná 343 sì kú síbẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn èèyàn ń sá sọ̀kalẹ̀, àwọn ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Kò tíì kúrò lójú ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ẹnu ọ̀tọ̀, ìfẹ́ àpò ọ̀tọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì ńkọ́? Olùkọ́ ńkọ́? Bí ẹ bá fi ìdá 40 kún ti panápaná, kí ni ẹ ó sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń bá aláìsàn ṣòru? Àwọn kan ní ọ̀sán 2 àti òru 2 ni panápaná fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n á wá fi ọjọ́ 4 sinmi, àwọn kan nínú wọn sì ń fi ọjọ́ ìsinmi náà ṣe iṣẹ́ míràn, kí ni wọ́n wá ń sunkún sí? Nígbà tí a ka ibẹ̀, àwa náà bi ara wa pé, bí owó iṣẹ́ kìn-ín-ní bá tó jẹ, ta ló ń wá iṣẹ́ kejì? Ẹ wo àwọn olùkọ́ tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí lẹ́yìn tí iléèwé bá parí. Ṣé eré ni wọ́n ń fi ọjà ṣe?

Ọ̀kan wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn alátakò tó wọ̀ wá létí díẹ̀, torí èdè ọjà ni. Wọ́n ní bí ààyè kan bá ṣí sílẹ̀ níbi iṣẹ́ panápaná, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń dù ú. Wọ́n ní ọjà tí èèyàn ń jà lé lórí báyìí, owó tí a ń san lé e kò lè kéré. Ó dà bí òótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń tò láti wọ iṣẹ́ kọ́ ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó ń lé ìgò lórí àwo ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kò mọ̀ pé ìgò ń fọ́. Iye ẹni tó fẹ́ wọlé kọ́ la fi ń mọ̀ bóyá owó tó ẹni tó ti lo ọdún 15 nínú èéfín.

Bí ìyanṣẹ́lódì náà ti ń gùn, bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ aráàlú ń tutù. Ìjọba Tony Blair ní òun kò lè san irú owó bẹ́ẹ̀. Ogun Iraq sì ti ń rùn lókèèrè, (oṣù Kẹta 2003 ló bẹ́ sílẹ̀), àwọn kan sì ń sọ pé ọmọ ogun tó yẹ kó máa múra ogun ló di ọ̀pá omi mú ní àdúgbò. Àwọn ìwé ìròyìn kan yí ohùn padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn tí wọ́n ń pè ní akọni lánàá.

Ohun tí àwa rí nínú gbogbo ẹ̀ ni pé ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀, tí àwọn èèyàn dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Ìkíní: ṣé owó wọn tó? Ìkejì: ṣé ó dára kí wọ́n fi iná sílẹ̀? Ọ̀pọ̀ ló ń dáhùn pé “rárá” sí méjèèjì. Ẹni tó fọn fèrè ọkọ̀ ní àárọ̀ lè jẹ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà lóru nítorí ìyá rẹ̀ arúgbó tó ń dá gbé. Kì í ṣe alábòsí. Inú kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti ń jáde. Kódà àwọn panápaná fúnra wọn wà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí iná kan bá le, tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, àwọn kan lára wọn fi ibi tí wọ́n ti ń yáná sílẹ̀, wọ́n lọ paná náà, wọ́n sì tún padà wá sídìí ìyanṣẹ́lódì wọn. Ẹ bi wọ́n léèrè pé èwo ni wọ́n ń ṣe nínú méjèèjì, wọn kò ní lè dá yín lóhùn.

Òru kan wà tí ó yẹ kí á sọ. Lọ́jọ́ 21 mọ́jú ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá, ẹgbẹ́ panápaná àti àwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́ jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n ti bọ́ láti 40, àwọn yẹn náà ti gòkè láti 4, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kò sí ìdá 16. Ìjọba àpapọ̀ ní rárá, ẹnikẹ́ni kò tíì ṣírò ibi tí owó náà yóò ti wá. Ọ̀rọ̀ fọ́. Aago 9 àárọ̀ ọjọ́ náà ni ìyanṣẹ́lódì ọlọ́jọ́ 8 bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, ìgbìmọ̀ olùwádìí kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n George Bain ṣe olórí rẹ̀ ní kí wọ́n gba ìdá 11 láàárín ọdún 2, kí wọ́n sì yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ padà. Ẹgbẹ́ kọ̀. Wọ́n tún dáṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2003. Nígbà tó di oṣù Kẹfà 2003, wọ́n parí rẹ̀ sí ìdá 16, ṣùgbọ́n láàárín ọdún 3, pẹ̀lú àwọn àyípadà lẹ́nu iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́. Inú kò dùn. Ní 2005, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ìbò yọ Andy Gilchrist, akọ̀wé àgbà tó ṣíwájú ìjà náà. Ẹ̀yin aláṣẹ ẹgbẹ́ tó wà níwájú yìí, ẹ máa gbọ́ o!

Ṣé ìjà náà dára, àbí kò dára? Bí a bá dúró síbí, ohun tí oníkálùkù ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ náà ni yóò máa tún sọ. Ìdí nìyí tí a fi wo ẹ̀yìn, ohun tí a rí níbẹ̀ ló sì jẹ́ kí á gbà láti wá sọ̀rọ̀ yìí.

Ṣáájú 2002, ọdún 25 gbáko ni àwọn panápaná Ìlú Ọba kò fi dáṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè nítorí owó oṣù. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Ọmọ tí a bí ní ọdún náà ti lè lọ́mọ. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá 1977. Wọ́n béèrè ìdá 30. Ìjọba James Callaghan ti pinnu pé ẹ̀kúnwó kankan kò gbọdọ̀ ju ìdá 10 lọ. Ọ̀sẹ̀ 9 ni wọ́n fi wà níta, nínú òtútù, Kérésìmesì àti ọdún tuntun bá wọn níta. Àwọn ọkọ̀ Green Goddess kan náà yìí ni ṣójà ń wà nígbà náà pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní 1978, ìdá 10 náà ni wọ́n gbà. Ojú ló ń ro pé wọ́n ṣòfò.

Wọn kò ṣòfò. Wọ́n gba ohun kan mọ́ owó náà: ìlànà. Wọ́n fẹnu kò pé láti ìgbà náà lọ, a ó so owó oṣù panápaná mọ́ ti àwọn ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ àti níbòmíràn, ìyẹn àwọn tí owó wọn wà lókè lára àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí tiwọn bá gòkè, ti panápaná yóò gòkè. Kò sí pé ẹnìkan ń lọ bẹ ẹnìkan. Kò sí pé òṣèlú kan ń wo ojú ọ̀run. Bí ọdún bá yí, wọn yóò ṣe ìṣirò, wọn yóò san án.

Ohun tó mú àlàáfíà ọdún 25 wá nìyẹn. Kì í ṣe pé àwọn panápaná ìgbà náà ní sùúrù ju ti 2002 lọ, kì í sì í ṣe pé aráàlú fẹ́ràn wọn jù. Ìlànà kan wà tó ń ṣiṣẹ́ láì sí ariwo.

Kí ló wá dé tó bàjẹ́? Ìlú yí padà, ìlànà kò yí. Kò pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá fi bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá sílé, wọ́n ti ibi tí wọ́n ti ń wa èédú pa, àwọn òṣìṣẹ́ ọlọ́wọ́ líle tí wọ́n so panápaná mọ́ kò rí owó gidi gbà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ panápaná sì ń fẹ̀ sí i: ìjàǹbá ọkọ̀, ìkún omi, ògùn olóró tó dà sílẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn ní igi tí wọ́n so àwọn mọ́ ti gbẹ. Ó dà bí ìgbà tí a bá so owó àjọ mọ́ iye tí a ń ta agolo mílíìkì ní ọdún 1985, tí a sì wá ń retí pé kó ra nǹkan lónìí. Ó yẹ kí ẹnìkan ti pè wọ́n jókòó láti tún ìlànà náà ṣe kí ó tó di ìjà. Ẹnikẹ́ni kò ṣe é tó bó ti yẹ, nǹkan sì fọ́ ní 2002.

Ẹ jẹ́ kí á sún mọ́ àkókò tiwa yìí díẹ̀. Ní ọdún 2022, ọ̀wọ́n-gógó ọjà dé Ìlú Ọba, ó ju ìdá 10 lọ. (Àwọn ọmọ wa ń pè wá pé epo sísè ti wọ́n, a ní ẹ káàbọ̀ sílé.) Wọ́n kọ́kọ́ fi ìdá 2 lọ panápaná. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ìdá 5. Ẹgbẹ́ kọ̀ ọ́. Wọ́n dìbò, èsì sì jáde ní oṣù Kìn-ín-ní 2023: nínú ẹni 100 tó dìbò, 88 ló ní kí wọ́n dáṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò jáde. Wọ́n padà sídìí tábìlì, wọ́n sì mú ìdá 7 wá fún 2022 àti ìdá 5 fún 2023, àwọn panápaná sì gbà á ní oṣù Kẹta. Ọmọ ogun kankan kò di ọ̀pá omi mú. Láàárín ìgbà náà, lọ́dún 2017, ilé alájà púpọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Grenfell ti jóná ní London, ènìyàn 72 ló kú, gbogbo ìlú sì ti rí panápaná tó ń wọ inú ilé náà lọ léraléra nígbà tí ó ti di ẹ̀yinná. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń náwó rántí rẹ̀. Ohun tó dá wa lójú ni pé wọ́n jókòó ṣáájú, wọn kò dúró dìgbà tí iná bá ń jó.

Ó yá, ilé ńkọ́?

Ní Nàìjíríà níbí, òfin tó ń rí sí aáwọ̀ òṣìṣẹ́, Trade Disputes Act, ka iná pípa mọ́ àwọn iṣẹ́ kòṣeémánìí. Ẹni tó bá wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyanṣẹ́lódì kì í ṣe ohun tó lè dédé ṣe. Ẹgbẹ́ kan wà ní àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ILO ni wọ́n ń pè é, òun náà gbà pé ìjọba lè dín ẹ̀tọ́ ìyanṣẹ́lódì kù fún panápaná, nítorí ẹ̀mí èèyàn. Àwọn tó ní ìkà ni panápaná tó dáṣẹ́ sílẹ̀ lè máa yọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ dúró, ọ̀rọ̀ ILO kò tán síbẹ̀. Wọ́n ní bí ẹ bá gba ìyanṣẹ́lódì lọ́wọ́ ẹnìkan, ẹ gbọ́dọ̀ fún un ní ohun tí yóò dípò rẹ̀: ìlàjà àti ìdájọ́ tí kò ṣègbè, tí kò sì pẹ́. Ìdajì ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n sábà máa ń kà sí wa létí.

Ẹ jẹ́ kí á fi owó wò ó. Owó oṣù tó kéré jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí jẹ́ 18,000 náírà ní 2011. Ọdún 2019 ni wọ́n tó sọ ọ́ di 30,000. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta gààrí, ẹ rántí iye kóńgò kan ní 2011, ẹ rántí iye rẹ̀ ní 2019, kí ẹ fi wé ara wọn. Ní 2024 ó di 70,000, wọ́n sì ṣe òfin pé ọdún 3-3 ni kí wọ́n máa tún un wò, dípò ọdún 5-5. Kì í ṣe gbogbo panápaná ló ń gba owó tó kéré jù lọ o, ṣùgbọ́n ìgbà tí ìsàlẹ̀ bá mì ni òkè tó ń mì. Ọdún 8 tí ìsàlẹ̀ kò fi mì, ta ló bá panápaná sọ̀rọ̀ láàárín ìgbà náà? Kò lè dáṣẹ́ sílẹ̀, kò sì sí tábìlì tó ń dúró dè é.

Ìgbà tí iná bá jó nìkan ni a máa ń rántí wọn, a kì í sì í fi ire rántí wọn. Ọjọ́ 5 oṣù Kìn-ín-ní 2020 ni ọjà Akẹ̀sán jóná ní Ọ̀yọ́. Ọjà tí àwọn ìyá àgbà wa ti ná ni. Àwọn tó pàdánù níbẹ̀ ṣì ń sọ ọ́ títí dòní. Ìbínú tó jáde sí panápaná lọ́jọ́ náà pọ̀, a kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi tó bínú nígbà tí ohun tó fi ogún ọdún kó jọ di eérú lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ìbínú kì í jẹ́ kí á béèrè: ta ló ń ra ọkọ̀ fún wọn? Ta ló ń rọ omi àti epo sínú ọkọ̀ náà? Panápaná kọ́ ló ń fi owó oṣù rẹ̀ ra díísù.

Àwọn kan nínú wa ní ṣùgbọ́n wọn kì í tètè dé, kí la ó wá fi kún owó ẹni tí kì í tètè dé fún? A gbọ́. Àwa kò ní a ó bo ẹni tó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọjà wa lóru. Kì í ṣe ọmọ ìyá ẹnikẹ́ni nínú wa. Nínú ìwé òfin ẹgbẹ́ yìí, bí ọdún bá ti yí, a ní láti gbé owó rẹ̀ wá sí ìpàdé kí á tún un wò, yálà ó béèrè tàbí kò béèrè. Nígbà tí ọdún kan burú, díẹ̀ la fi kún un, a sì sọ ìdí rẹ̀ fún un lójúkojú. Kò fi tọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ fún wa rí. Nítorí pé ó ń gba owó tí ó mọ bí a ṣe dé ibẹ̀, ọjọ́ tó bá sùn, a lè bá a wí kó sì gbọ́. Ẹni tí a gbàgbé owó rẹ̀ ní ọdún 8, ẹnu wo la fẹ́ fi bá a wí?

Nítorí náà, nínú àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ibi tí àwa dúró sí nìyí. A kò fẹ́ kí panápaná fi iná sílẹ̀, ìsọ̀ wa ló máa kọ́kọ́ jó. Ẹni tó bá sọ fún panápaná pé kò gbọdọ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ láéláé ti jẹ ẹ́ ní gbèsè, gbèsè náà sì ni kó máa tún owó oṣù rẹ̀ wò ní àkókò tí gbogbo ayé mọ̀, kí ó má ṣe dìgbà tó bá pariwo. Àwa ará ọjà wà lára ẹni tó jẹ gbèsè yìí, torí àwa là ń san owó orí àti owó tíkẹ́ẹ̀tì tí ìjọba fi ń sanwó fún wọn.

Aláṣẹ ẹgbẹ́ ti gbà pé kí á kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ àti ìpínlẹ̀ láti béèrè ohun díẹ̀: ọkọ̀ panápaná mélòó ló lè dé ọjà yìí, ibo ni wọ́n ti ń rọ omi, ìgbà wo ni wọ́n sì tún owó oṣù àwọn tó ń wà á wò gbẹ̀yìn. Ìbéèrè kẹta yìí ni àwọn kan ní kí á yọ kúrò, wọ́n ní kò kàn wá. A ti dìbò lé e lórí, ó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé náà, ó wà lọ́wọ́ Akọ̀wé títí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń tajà ní Èkó, ẹ sọ fún wọn pé 112 tàbí 767 ni kí wọ́n pè bí wọ́n bá rí èéfín, kí wọ́n má kọ́kọ́ máa wá ẹni tí yóò ya fídíò.

Ìyá Aláṣọ ti nawọ́ sókè láti ìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ kan owó, a sì mọ̀ pé wọn kò gbà pẹ̀lú wa. A ó jókòó báyìí. Ẹ gbé makirofóònù fún wọn.